Oògùn Tó Dúró Sẹ́nu Ọ̀nà Etí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ ara yín di dókítà.

1.
Lìádì, mẹkáníìkì ní Adánkọlọ́ ní ìlú Lọ́kọ́ja, kì í fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò. Yóò fi ẹnu súkúdíráfà kan ẹ́ńjìnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí ọ̀tún, yóò dijú. Ohun tó bá ní ó bàjẹ́ náà ló bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Páàtì, á ti sọ ohun tó ń ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Etí ọ̀tún yìí ló ń bọ́ ìyàwó àtọmọ.

2.
Àárọ̀ Mọ́ńdè kan, Lìádì jí, etí ọ̀tún ti di. Kò dùn ún, ó kàn ń hó bí omi orí iná. Mọ̀ríámọ̀, ìyàwó rẹ̀, fà á lọ sọ́dọ̀ Dókítà Zipporah, ọmọ Yàgbà tó ń tọ́jú etí.

"Òkun o, ọ̀gá," ni dókítà fi kí i bí àwọn Yàgbà ṣe ń kí èèyàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Inú etí lọ́hùn-ún ni àìsàn yìí wà. Oògùn téèyàn gbé mì, díẹ̀ ló ń débẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni màá fi gba ara awọ etí tó dábùú ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, kí oògùn lè wà lẹ́yìn rẹ̀, kó máa rọra wọlé. Mi ò lè búra pé gbogbo ẹ̀ ló máa padà, àmọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi kọjá, ó máa ṣòro gan-an."

Ó kọ orúkọ oògùn fún un, ó ní kó rà á wá ní Wẹ́sìdeè.

3.
Lìádì ra oògùn, ṣùgbọ́n kò padà. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á, ó wá ń fi ọgbọ́n bò ó mọ́lẹ̀.

"Mọ̀ríámọ̀, tí mo bá fẹ́ da ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnì, ṣé mo máa ń lu ihò sí i lára ni? Ṣebí òkè la ti ń dà á."

"Bàbá Fàrúkù, ẹ dákun, etí kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà."

"Oògùn kan náà kọ́ ni? Ìyá mi ń kán àdí sí mi létí ní kékeré, ṣé mo kú ni?"

Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fọ́ ìgò oògùn, ó kán an sétí, ó fi òwú dí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé. Ariwo náà kò dákẹ́.

4.
Ìgbà tó wá padà sọ́dọ̀ dókítà, ó jẹ́wọ́. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ọ̀gá Lìádì, tí wọ́n bá da ọ́ìlì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọn ò ṣí, ṣé ó máa dénú ẹ́ńjìnì?"

Lìádì mi orí.

"Awọ etí ni bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹnu ọ̀nà ni oògùn yín dúró sí."

Síbẹ̀, ó fún un ní abẹ́rẹ́ náà, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú.

"Ṣé ó ti tán?" ni Lìádì bèèrè. Kò ju kí èèrà gé èèyàn lọ. Ohun tó ń sá fún nìyẹn! Ó sunkún níbẹ̀, kì í sì í ṣe ìrora ló ń pa á lẹ́kún.

Wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Etí ò là mọ́.

5.
Lónìí, bí ọkọ̀ bá dé, Lìádì a tún gbàgbé, a fi súkúdíráfà ti etí ọ̀tún, a dijú.

"Ọ̀gá, kí ló ń ṣe é?" ni ọlọ́kọ̀ á wí.

Lìádì á gbé e lọ sí etí òsì tí kò mọ iṣẹ́. "Ẹ ní sùúrù," ni yóò wí, "mo ṣì ń kọ́ etí yìí níṣẹ́ ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí etí bá dédé di, ẹ má dúró wòran, ẹ tètè sáré lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn etí. Bó bá sì sọ ọ̀nà tí oògùn máa gbà wọlé, ẹ má fi ọgbọ́n orí yín la ọ̀nà mìíràn fún un. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú.