Àpótí Pupa Inú Báàgì Ìyàwó

Ojú Ìyá Zulayho kò kúrò lára Mohira, ìyàwó tuntun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé wọn ní ìlú Margilan.

Ìyàwó yìí kì í gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Àná, nínú ààwẹ̀, Ìyá ká a mọ́bi tó ti ń jẹ súwíìtì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Sanjar ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń fipá gbààwẹ̀, kí ìyàwó má baà fura pé ó ní àtọ̀gbẹ. Wọn kò sọ fún àwọn àna.

Lọ́sàn-án òní, Sanjar ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì. Òógùn bò ó. Wọ́n pè é, kò dáhùn.

Mohira yọ àpótí pupa nínú báàgì, ó po oògùn, ó fà á sínú abẹ́rẹ́.

Ìyá gbá a lọ́wọ́ mú. "Ìwọ tó ń jẹun nínú ààwẹ̀! Kí lo fẹ́ fi gún ọmọ mi? Ẹ gbà mí o, ó fẹ́ pa á!"

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀! Ṣúgà ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀! Oògùn tó ń gbé e sókè nìyí!"

Ó já ọwọ́ gbà. Ó gún Sanjar ní itan, ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tó yá, Sanjar lajú.

Ìyá bi Mohira pé, "Ta ló sọ fún ọ pé ó ní àtọ̀gbẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màmá. Bó ṣe máa ń ṣe èmi náà nìyẹn."

Mohira ń sunkún.

"Èmi ni wọ́n ra abẹ́rẹ́ yẹn fún. Nílé wa, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."