Sístà Ọ̀gá

Obìnrin kan jókòó sórí àga mi ní yàrá ìpàdé.

Ó ń gbọn eruku kúrò lára kóòtù ọkọ mi, bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́.

"Sístà mi ni," ọkọ mi ti sọ bẹ́ẹ̀ kó tó sáré jáde lọ gba fóònù. Òun náà ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. "Bá mi fi í han àlejò wa."

Òjòwú ni mí, n ò ní parọ́. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì ò dénú obìnrin. Tèmi ò tilẹ̀ dé ẹnu.

Sístà wo ló ń fọwọ́ pa kóòtù lórí báyìí?

Àlejò wa láti Jàpáàn bi mí pé ta ni.

Ògbufọ̀ ni mí. Èdè wọn ò gba sístà lásán, bíi tiwa náà ni: ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ọ̀tọ̀ ni àbúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni yín àbí àbúrò?"

Ó ká kóòtù náà sórí itan rẹ̀.

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ṣé wọn ò ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn ni?"

Wọ́n ní in. Mo sọ ọ́ fún àlejò, mo sì rọra fi ọwọ́ òsì mi sábẹ́ tábìlì.

Òrùka wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí èmi àti ọkọ rẹ̀ ṣègbéyàwó.