Ìlà Kékeré Lórí Èje

Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún ilé ìwé náà ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé, níbi tí àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé ti ń kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣe ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ìwé mọ̀ pé àwọn méjì ló ń du ú: ọmọ olùkọ́ ìṣirò àti ọmọ agbálẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò yìí kan náà ni wọ́n ní kó máàkì ìwé wọn. Ó kọ́kọ́ kọ̀.

"Ọmọ mi wà níbẹ̀, mà."

"Ta ni kò mọ̀?" ni ọ̀gá àgbà wí. "A ti ṣẹ́ igun ìwé bo orúkọ, a ti lẹ̀ ẹ́ pa. Nọ́ńbà nìkan lo máa rí. Àbí kí n gbé e fún olùkọ́ orin?"

Bó ṣe ń gbé ìwé náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, agbálẹ̀ gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣojúsàájú. Tiyín, bí kò bá wọlé, ẹ lè gba olùkọ́ sílé fún un, ẹ lè ní kí wọ́n jẹ́ kó fo kíláàsì kan. Tèmi, àyè yìí nìkan ló ní. Ìgbálẹ̀ ti tẹ ẹ̀yìn mi. Ẹ má jẹ́ kó tẹ tọmọ mi."

"Ohun tó bá kọ ni yóò gbà," ni olùkọ́ dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Ó ń wá bírò pupa lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé, tó fi ṣọ́ọ̀kì kun ara dé ìgúnpá.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ẹ̀yìn yàrá ìgbálẹ̀, màámi. À ń ṣeré ilé ìwé. Èmi ni olùkọ́, ọmọ ìyá agbálẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní mo le jù yín lọ." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Ìyá Arúgbó nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, mo ti yí i padà. Òun kì í fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bí mo bá ṣe kọ́ ọ ló ń kọ ọ́."

"Lọ fọwọ́ ẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ti rí bírò náà lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tó dé ìwé kẹrìnlá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìlà kékeré kan gba àárín gbogbo èje tó wà níbẹ̀, kí èje má baà jọ ení. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Kò tíì rí ẹlòmíràn tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé ìwé náà.

Ìdáhùn ìbéèrè kẹsàn-án tọ̀nà, àmọ́ ọmọ náà kò kọ bó ṣe rí i. Òfin ní olùmáàkì lè fún un ní máàkì kan títí dé mẹ́ta. Olùkọ́ rántí ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fún un ní ẹyọ kan.

Ìwé kejìlélógún náà kò kọ bó ṣe rí ìdáhùn kẹsàn-án. Èje tirẹ̀ rí bí èje gbogbo ayé. Olùkọ́ wò ó pẹ́. "Orí ló fi ṣe é," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì fún un ní mẹ́ta.

Ìkẹrìnlá gba mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìkejìlélógún gba méjìdínláàádọ́ta. Kò sí ẹlòmíràn tó súnmọ́ wọn. Ó wo ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yà bá agbálẹ̀ kó tó dé ọ́fíìsì.

"Ẹ wá báàgì fún ọmọ yín," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó di ọwọ́ olùkọ́ mú, ó ń mì í.

Orin tí agbálẹ̀ ń kọ lọ́dẹ̀dẹ̀ ń wọlé látojú fèrèsé nígbà tí ọ̀gá àgbà ń fi abẹ tú àwọn igun ìwé náà.

Ó tú ìkejìlélógún, ó ní, "O kú oríire, ọmọ ẹ ló wọlé," lẹ́yìn náà ó tú ìkẹrìnlá, èyí tí ìlà wà lórí gbogbo èje rẹ̀, ó sì ka orúkọ ọmọ agbálẹ̀.