Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣi Orin Kọ

"Màmá, a kì í kọ nǹkan sínú ìwé yẹn! Ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé olóògbé ọ̀jọ̀gbọ́n orin ló sáré dé.

Ìyá arúgbó náà ò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Pẹ́ńsùlù ẹ̀ ń lọ wéré.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n yín ṣi orin yìí kọ. Mò ń tún un ṣe."

"Ta tiẹ̀ lẹ jẹ́, mà?"

"Kà á."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi yíǹkì kọ ọ́ sókè: "Ẹnu ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni mo ti gbọ́ orin yìí. Kò mọ̀wé, ó sì ti kú."

Pẹ́ńsùlù dá a lóhùn nísàlẹ̀: "Mo ti mọ̀wé. Mi ò sì tíì kú."

Ìyá nawọ́. "Páálí ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n yín mélòó ló kù? Kó wọn wá."