Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Tọ́ Ọtí Inú Àgbá Wò?

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àlejò ni yín."

"Onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọtí wò," ni bàbá arúgbó náà wí.

Ohun tí à ń fà látìgbà tílẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, bàbá mi ló pọn ọ́n sínú àgbá onígi kó tó kú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń kan fúnra ẹ̀, ó wá dúdú bí omi aró. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá mi, èmi àti ajá mi nìkan la wà nílé. Arúgbó tí mi ò mọ̀ rí yìí lẹni àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀kùn. Inú mi dùn sí i, àmọ́ bí ọtí náà bá máa pa èèyàn, mo fẹ́ kó pa ẹlòmíràn ná.

"Ó dáa," mo ní, "ẹ̀yin lonílé lálẹ́ òní. Ẹ mu."

Ó bu ọtí sínú ife, ó gbé e sẹ́nu. Àmọ́ inú àgbá ni ìró bó ṣe ń gbé e mì ti ń wá.

"Ó kan bí agbálùmọ̀," ó ní, "ó ń rùn bí igi tí òjò pa. Ó dáa gan-an."

Ó jókòó sórí àga mi. Ajá mi lọ dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ń kùn sí mi.

"Àlejò," ó ní, "ilẹ̀ ti ṣú. Máa lọ bá àwọn ará ilé ẹ."

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ di onílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ó dàárọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Mi ò mọbi tí mò ń lọ nínú òkùnkùn yìí. Àmọ́ òun ló ṣáà kọ́kọ́ tọ́ ọtí náà wò.