Ṣòkòtò Ọ̀gá Ilé Ìwé

"Lọ́jọ́ tí bàbá mi di ọ̀gá ilé ìwé," aláwàdà ń sọ fún àwọn èrò, "wọ́n dìde níwájú àwọn èèyàn pàtàkì, wọ́n wúkọ́, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Wọ́n ní, 'Láti òní lọ, ohun gbogbo máa dúró gbọn-in!' Ni ṣòkòtò wọn bá bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà gan-an, tó jókòó níwájú, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ burúkú! Ṣé o ò ní gbàgbé ni?"

Aláwàdà náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun lòun yọ bẹ́líìtì bàbá òun lára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, tóun dè é mọ́dìí lọ ṣe fàájì.

Nígbà tí eré parí, gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá náà dìde, ó ń fi ọwọ́ kan juwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó fi ìkejì di ṣòkòtò mú.

"Má wò mí, ọmọ mi! Mi ò tún rí bẹ́líìtì mi lónìí!"

Aláwàdà rọra fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó fi bo bẹ́líìtì tó wà nídìí rẹ̀.