Dígí Tí Ń Ki Ọmọ

Ìyá Bísóyè, ará ilé kejì, ló kọ́kọ́ sọ fún Mopélọ́lá nípa dígí tí ń fi ohùn ìyá ki ọmọ, Mopélọ́lá sì ra ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Láràárọ̀, dígí náà á ki oríkì ọmọ tó bá ṣe dáadáa jù nínú ilé. Láti ọdún tó kọjá, Àyọ̀ká nìkan ló ń kì. Á wá kọjú sí àbúrò rẹ̀: "Àwẹ̀ró, ṣé orí méjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ ní ni?"

Lónìí, Mopélọ́lá bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ohùn ìyá rẹ̀ ló ń sá fún. Ẹ̀rí ọkàn gún Mopélọ́lá. Ó pa dígí, ó fa ọmọ mọ́ra.

"Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi kì ọ́. Àyọ̀ká, ọmọ mi…"

"Àyọ̀ká ti lọ sílé ìwé, Màámi."

Àwẹ̀ró gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde, kò bojú wẹ̀yìn.